Bí a ṣe ń dá receiver fásitì wò kí wọ́n tó yàn án sí NFL

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù náà ní fásitì sínú ẹgbẹ́ wọn ní ìpele méje. Draft ni wọ́n ń pe ètò yìí, kò sì sí ọ̀dọ́ tó lè kópa nínú rẹ̀ àfi tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nínú gbogbo ipò tí wọ́n ń yan ènìyàn sí, ipò receiver, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sá wọ àárín àwọn alátakò kí ó sì hán bọ́ọ̀lù tí quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, bá jù, wà lára èyí tó máa ń da àwọn amòye láàmú. Ní ọdún 2016, receiver mẹ́rin ni wọ́n yàn ní ìpele kìíní: Corey Coleman, Will Fuller, Josh Doctson àti Laquon Treadwell. Michael Thomas láti fásitì Ohio State jókòó títí di ipò 47 nínú yíyàn náà kí ẹgbẹ́ New Orleans tó pe orúkọ rẹ̀. Ní sáà 2019, Thomas hán bọ́ọ̀lù 149, iye tí ẹnikẹ́ni kò hán rí ní sáà kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́rin náà tó hán 100 ní sáà kan rí.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn Yorùbá tó ń wo bọ́ọ̀lù yìí, pàápàá àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ wọn ti wọ ẹgbẹ́ ilé ìwé, tí wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn ṣe ìdájọ́ dípò kí wọ́n máa tún ohun tí wọ́n gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n sọ. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ là sílẹ̀ sì dá lé lórí, ni pé àyè ni bọ́ọ̀lù fásitì fi yàtọ̀ sí ti NFL. Fásitì máa ń fún receiver ní àyè. NFL máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó máa bi ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé: nígbà tí kò sí àyè, kí ni ọmọ yìí ṣe?

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí pápá fásitì ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́

Pápá méjèèjì fẹ̀ dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà 160 láti etí kan dé ekejì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀wọ́ ìlà wẹ́wẹ́ méjì ló wà láàárín pápá, àárín wọn sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sí kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ní fásitì, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Ní NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ínǹṣì 6 péré ni. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù sórí ìlà ọwọ́ òsì ní fásitì, ẹsẹ̀ bàtà 100 ló kù ní ọwọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ tó bẹ́ẹ̀ tí olùṣọ́ méjì, ìyẹn àwọn alátakò tó ń ṣọ́ receiver, kò fi lè ká a. Ní NFL, apá tó fẹ̀ jù kò tó ẹsẹ̀ bàtà 90. Receiver tí ẹ rí tó ń hán bọ́ọ̀lù wọ́ọ́rọ́wọ́ ní apá tó fẹ̀ yìí lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀ lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló bá a ṣe é.

Òfin pẹ̀lú yàtọ̀. Ní fásitì, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá tẹ inú pápá lẹ́yìn tí ó ti hán bọ́ọ̀lù, wọ́n á kà á sí. NFL ń béèrè ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní fásitì, àwọn géńdé tó dúró níwájú quarterback lè wọ inú ilẹ̀ alátakò tó yáàdì 3 kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Ní NFL, yáàdì 1 ni. Èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fásitì máa ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, kí gbogbo olùṣọ́ rọ́ wá síwájú, kí quarterback sì rọra ju bọ́ọ̀lù sí receiver tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́. Bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ á wọ ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó làágùn fún, bẹ́ẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan; wọ́n fi í sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba iye yáàdì (ilẹ̀ tí ó fi bọ́ọ̀lù tí ó hán jèrè) tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ pín bọ́ọ̀lù tí ó hán sí ọ̀nà méjì nínú ìwé yín: èyí tí olùṣọ́ wà nítòsí débi pé ó lè nawọ́ kàn án, àti èyí tí kò sí ẹnì kankan nítòsí. Mo ti rí receiver tó ní yáàdì tó lé ní 1,000 nínú sáà kan, tí bọ́ọ̀lù tó wà nínú apá àkọ́kọ́ yìí kò sì pọ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan fídíò, kí ẹ sì mójú kúrò lára bọ́ọ̀lù

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n kó gbogbo ibi tó dùn jọ sí, nítorí kò sí receiver tí kò ní dára nínú rẹ̀. Ìdíje mẹ́rin tó pé ni ẹ nílò, ó kéré tán. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ó bá ẹgbẹ́ tó ní olùṣọ́ gidi pàdé, àwọn tí NFL náà ń wò. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú, kí ẹ lè rí ohun tó ti kọ́ láàárín ọdún kan. Kí ẹ̀kẹrin jẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù tí ó hán kò ju méjì lọ. Ẹ̀kẹrin yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn ṣófo ni a ti ń mọ̀ bóyá ó ṣì ń sá ọ̀nà rẹ̀ dé òpin, bóyá ó ṣì ń dènà fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ó kàn ń rìn gbẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kò bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ìṣòro kan ni pé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù ló máa ń tẹ̀ lé, kì í sì í fi receiver hàn lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bíi mẹ́rin tó bá ti gbéra. Bí ẹ bá lè rí fídíò tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lò, èyí tí wọ́n yà láti òkè tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù 22 sì hàn nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ máa dúró de àtúnwò tí wọ́n máa ń fi hàn láti ẹ̀yìn òpin pápá, kí ẹ sì dá a padà títí tí yóò fi yé yín. Àwọn tó ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ tún máa ń lọ sí Senior Bowl ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, bí oṣù kìíní bá ń parí lọ. Ìgbáradì ọ̀sẹ̀ náà wúlò ju ìdíje rẹ̀ lọ, nítorí wọ́n máa ń mú receiver kan àti olùṣọ́ kan dojú kọ ara wọn láìsí ẹlòmíràn. Receiver ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gbè, gbogbo pápá jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń lé quarterback. Ẹ má ṣe ka iye tí ó hán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ wo eré kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìkan. Ìgbà kẹta ni kí ẹ tó wo bọ́ọ̀lù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù. Òfin NFL gba olùṣọ́ láyè láti fi ọwọ́ ti receiver láàárín yáàdì 5 àkọ́kọ́ síwájú ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá yáàdì 5 náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà, olùṣọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá dúró síwájú imú ọmọ náà, á na ọwọ́ sí i láyà, á sì gbìyànjú láti da eré rẹ̀ rú kí ó tó gbéra. Quarterback kò ní àkókò láti dúró dè é, torí àwọn tó fẹ́ gbé e ṣubú ti ń bọ̀. Receiver tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan jà níbẹ̀ ti pẹ́ jù, kódà bó bá padà bọ́. Ẹni tó ti wo ìjàkadì nílé rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tó ní agbára jù kọ́ ló ń dá ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ibi tó yẹ ni.

Ẹ dá fídíò dúró ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ tó wà níwájú. Bí ó bá kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn kí ó tó gbéra, ó ti fi ìgbésẹ̀ kan ṣòfò, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí fásitì wọn kì í fi wọ́n síwájú olùṣọ́ tó sún mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ó ṣe ń tan olùṣọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jó lójú kan, ẹsẹ̀ wọn á máa ta kìtìkìtì, àwọn òǹwòran á pariwo, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí a ń wá ni ẹni tó ń tan ènìyàn bí ó ṣe ń lọ síwájú: ó gbé èjìká sí òsì, olùṣọ́ tẹ̀ lé e, ó sì ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ẹ tún wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí olùṣọ́ bá nawọ́ sí i láyà, ṣé ó gbá ọwọ́ náà dànù, ṣé ó rẹ èjìká sílẹ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, tàbí ó kàn ń ti aṣọ olùṣọ́ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn?

Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n dúró síwájú rẹ̀ báyìí nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ ni pé ẹ kò tíì rí i. Ẹ má ṣe kọ pé ó lè ṣe é, ẹ má sì ṣe kọ pé kò lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe draft ló ti ibí yìí wá, nígbà tí ènìyàn bá fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo tí fídíò fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibi tí ó ti yí

Lẹ́yìn ìgbéra, iṣẹ́ tó kù ni pé kí ó sá dé ibi tí wọ́n yàn fún un, kí ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn láìjẹ́ kí olùṣọ́ tètè mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú eré kan ṣoṣo, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Receiver fẹ́ sá yáàdì 12 síwájú, kí ó sì yà sí àárín pápá. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, bí ó bá ti dé yáàdì 9, ọrùn rẹ̀ á nà sókè, èjìká á gbéra kúrò lórí orúnkún, apá rẹ̀ á ṣíwọ́ mímì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà bí ẹni tó ń wá ìjánu. Olùṣọ́ NFL kò nílò ju èyí lọ. Ó ti mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ dúró, òun náà á dúró, bọ́ọ̀lù á sì bá ènìyàn méjì níbẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi nǹkan kan hàn títí di ìgbésẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn. Apá rẹ̀ ṣì ń mì bí ìgbà tó ń sáré, àyà rẹ̀ ṣì tẹ̀ síwájú, olùṣọ́ sì ti yí ìbàdí padà láti bá a sá lọ sí ìsàlẹ̀ pápá. Ìgbà yẹn ni ìbàdí tirẹ̀ á rì sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó, á fi ẹsẹ̀ tó wà lóde gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí á kọ́kọ́ yí, ara á tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ á sì ti wà lára quarterback kí ẹsẹ̀ kejì tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá dá fídíò dúró ní àkókò yìí gan-an, ìbàdí olùṣọ́ ni kí ẹ wò. Bí ìbàdí rẹ̀ bá dojú kọ òpin pápá nígbà tí receiver ti dojú kọ àárín, ọmọ náà ti jèrè, ìbáà jẹ́ pé quarterback ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn. Ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Èyí ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ mójú kúrò lára bọ́ọ̀lù.

Justin Jefferson ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní fásitì LSU ní sáà 2019, ipò inú tí wọ́n ń pè ní slot ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré jù, níbi tí olùṣọ́ kì í sábà sún mọ́ ènìyàn pẹ́kípẹ́kí. Ó hán bọ́ọ̀lù 111 fún yáàdì 1,540. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, nígbà tí wọ́n pàdé Oklahoma, ó gba touchdown mẹ́rin (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò) kí wọ́n tó lọ sinmi. Síbẹ̀ àwọn kan ń ṣiyèméjì bóyá ó lè bọ́ lọ́wọ́ olùṣọ́ ní etí pápá. Ní draft 2020, Philadelphia yan Jalen Reagor ní ipò 21, Minnesota sì yan Jefferson ní ipò 22. Yáàdì 1,400 ni Jefferson kó ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 2022, òun ló ní yáàdì tó pọ̀ jù ní gbogbo líìgì, 1,809. Iyèméjì wọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí fídíò kò fi etí pápá hàn tó. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń yí wà nínú fídíò náà fún ẹni tó bá wò ó, ibẹ̀ kì í sì í yí padà bí ènìyàn bá kúrò ní inú lọ sí etí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọwọ́

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń jábọ́ kò rí bákan náà, ẹ má sì ṣe kà á pọ̀. Ọ̀kan wà tí ọmọ náà ti fẹ́ sáré kí ó tó hán an tán: ojú rẹ̀ ti kúrò lára bọ́ọ̀lù. Èyí ṣeé tún ṣe. Òmíràn wà tí ó ń dúró kí bọ́ọ̀lù dé àyà rẹ̀ kí ó tó gbá a mọ́ra. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń hán bọ́ọ̀lù ní fásitì, ṣùgbọ́n ní NFL, ọwọ́ olùṣọ́ á ti wọ àárín bọ́ọ̀lù àti àyà kí ó tó dé. Ẹ wo bóyá ó ń na ọwọ́ jáde lọ pàdé rẹ̀, kí àtàǹpàkò méjèèjì sún mọ́ra bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè àyà, kí ìka kékeré méjèèjì sún mọ́ra bí ó bá wà nísàlẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n jù sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ara ti ń fi hàn bóyá ó rọ̀. Àti nítorí òfin ẹsẹ̀ méjì tí mo sọ, ẹ wo gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó hán ní etí pápá, kí ẹ sì fi ojú NFL ka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tí ó sì dàgbà ní Tampa, jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí á ṣọ́ra tí a bá ń dájọ́ fún. Philadelphia yàn án ní ipò 20 ní ọdún 2015 láti fásitì USC. Ọdún méjì àkọ́kọ́ le fún un. Bọ́ọ̀lù ń jábọ́, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ní 2017 wọ́n gbé e kúrò ní etí pápá lọ sí ipò inú, ó hán bọ́ọ̀lù 62, ó gba touchdown mẹ́jọ, ó sì hán mẹ́sàn-án nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, tí ẹgbẹ́ náà gbà. Ọwọ́ kan náà ni. Ipò ló yí padà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Inú mi dùn gidigidi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ti kọ́ láti máa bi ara mi léèrè, kí n tó sọ pé ọwọ́ ọmọ kan kò dára, bóyá ibi tí wọ́n fi í sí ló ń dà á láàmú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá ka iye

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò tíì jẹ́ kí ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iye yáàdì, iye náà ni yóò máa rí nínú fídíò. Nígbà tí ẹ bá wá ṣí i, ẹ má ṣe béèrè iye tí ọmọ náà kó. Ìdá tí ó kó nínú ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. DeVonta Smith kó yáàdì 1,856 ní Alabama ní 2020, nígbà tí quarterback rẹ̀, Mac Jones, ju 4,500. Bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó pọ̀ gan-an, ó sì gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù, ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Jaylen Waddle, receiver kejì tó dáńgájíá, farapa ní àárín sáà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì di ti Smith. Jefferson ní tirẹ̀ kó bí ìdá 27 nínú yáàdì 5,671 tí Joe Burrow jù ní 2019. Iye yẹn dà bí ohun tó kéré títí tí ẹ ó fi rántí pé Ja'Marr Chase wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì pápá, tí òun náà kó 1,780. Ìdá láìsí orúkọ àwọn tó jọ pín in kò ní ìtumọ̀.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì bákan náà. Ọmọ ọdún 19 ni Chase nígbà tó kó yáàdì wọ̀nyẹn. Ọmọ ọdún 19 tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ọdún 22 ń sọ ohun kan fún wa. Ẹni ọdún 23 tó ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 19 ń sọ ohun mìíràn. Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Terry McLaurin hán bọ́ọ̀lù 35 péré ní sáà tó gbẹ̀yìn ní Ohio State, torí receiver pọ̀ ní ẹgbẹ́ náà, ó sì ń bá wọn sáré lọ dá ẹni tó gba bọ́ọ̀lù wọn dúró nígbà tí wọ́n bá gbá a lọ jìnnà. Washington yàn án ní ipò 76 ní 2019, ó sì kó yáàdì 919 ní sáà àkọ́kọ́. Iye kékeré tó ní ìdí kì í ṣe àbùkù. Iye kékeré tí kò ní ìdí ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ keje: Aago Indianapolis

Bí oṣù kejì bá ń parí, àwọn ẹgbẹ́ máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Indianapolis fún ìdánwò ara tí wọ́n ń pè ní Combine, sísá yáàdì 40 sì ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ní 2017, John Ross sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 4.22, kò sì sí ẹni tó yára jù ú lọ níbẹ̀ títí Xavier Worthy fi sá 4.21 ní 2024. Ní ìdánwò ọdún 2017 kan náà, Cooper Kupp láti Eastern Washington sá 4.62. Ross lọ ní ipò 9, Kupp lọ ní ipò 69. Ìfarapa bá Ross jà, ó yẹ kí a sọ ìyẹn, kò sì hán bọ́ọ̀lù kankan ní sáà àkọ́kọ́. Ní 2021, Kupp hán 145 fún yáàdì 1,947 àti touchdown 16, òun ló sì ṣáájú gbogbo líìgì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni aago náà kò rí? Kò rí ibi tí Kupp ti ń yí. Ènìyàn kì í sá yáàdì 40 ní ìlà gbọọrọ láìsí olùṣọ́ nínú ìdíje, tàbí kí n sọ pé kò wọ́pọ̀.

Èmi kì í da aago nù, ṣùgbọ́n mi ò fi í ṣe onídàájọ́. Ẹ lò ó láti padà sí ìdí fídíò. Bí fídíò bá ní ọmọ náà yára, tí aago sì ní kò yára, ẹ padà lọ wo àwọn olùṣọ́ tí ó sá fún. Ó lè jẹ́ àwọn ló lọ́ra. Bí aago bá ní ó yára tí fídíò kò sì fi hàn, ẹ wò ó bóyá ó ń ronú púpọ̀ nígbà tí ó ń sáré, torí ẹni tí ọ̀nà kò yé kì í lè sáré tọkàntọkàn. Yáàdì 10 àkọ́kọ́ nínú 40 náà wúlò fún receiver ju ìyókù lọ. Ìdánwò tí wọ́n fi òpó kékeré mẹ́ta ṣe, níbi tí ọmọ náà ti ń yí ká, náà wúlò, ṣùgbọ́n òun náà kò pé. DK Metcalf, tí ó wọn pọ́n-ùn 228, sá 4.33 ní 2019, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 7.38 ló lò lára òpó mẹ́ta náà, èyí tó lọ́ra púpọ̀, ó sì bọ́ sí ipò 64. Seattle kò ní kó máa yí káàkiri. Wọ́n ní kó sá lọ tààrà, ó sì kó yáàdì 1,303 ní sáà kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ara, ìlera àti ìdènà

Èyí kò gba àkókò púpọ̀. Ìtàn ìfarapa wà lọ́wọ́ dókítà àwọn ẹgbẹ́, àwa tí a wà níta kò sì lè mọ̀ ọ́n tán, nítorí náà ẹ kọ ohun tó hàn sí gbogbo ènìyàn, kí ẹ má sì méfò. Ní ti ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rù pé Smith kò tó pọ́n-ùn 170 nígbà tó ń bọ̀ láti Alabama. Kò dí i lọ́wọ́. Ara tín-ín-rín ń di ìṣòro kìkì bí wọ́n bá lè fi ọwọ́ mú un ní ìgbéra, ẹ sì ti dá ìyẹn wò ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ kàn wo ìdènà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré: ẹni tó ń dènà tọkàntọkàn á rí àyè wọ pápá kíákíá ní ọdún àkọ́kọ́, kódà bí wọn kò bá tíì máa ju bọ́ọ̀lù sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé

Ẹ má ṣe fi ènìyàn wé ènìyàn. Bí ẹ bá ti sọ pé ọmọ kan dà bí Jefferson, Jefferson ni ẹ ó máa rí, ẹ kò ní rí ọmọ náà mọ́. Ojú ìwé kan ti tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ gbólóhùn tó pé. Ẹ kọ ibi tí ẹ rò pé yóò ti bẹ̀rẹ̀ eré, etí pápá tàbí inú. Ẹ kọ ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè sá dáadáa láti ọjọ́ kìíní, àti ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò rí nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó ti wù kó pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìpele tí ẹ lè yàn án sí bó bá jẹ́ pé owó yín ni.

Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì kó o pamọ́. Fún àwọn tí wọ́n yàn ní ìpele kìíní, lẹ́yìn sáà kẹta ni àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn máa ń pinnu bóyá wọ́n fẹ́ fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn ọmọ náà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ̀yin náà mú ìwé yín jáde. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti gbà á tàbí ibi tí ẹ ti ṣì í. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà tí ẹ kọ pé ẹ kò rí, kí ẹ sì wo ohun tí NFL fi hàn yín níbẹ̀.